Igi ń mí, irin kò mí: ohun tí tábìlì kan kọ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó kọ́kọ́ da épọ́ksì sórí igi. Bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn àti àga ìjókòó ni ọ̀gá mi kọ́ mi, ohun kan náà ni mo sì ń ṣe nígbà tí mo ṣe fíríìdọ̀mù tí mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Ní ọdún 2021 ni àwọn oníbàárà tí wọ́n ń ti Èkó wálé bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán hàn mí lórí fóònù wọn. Tábìlì ni, tí wọ́n fi pákó méjì ṣe, tí etí pákó náà ṣì rí gbágungbàgun bí ó ti rí nígbà tí ó wà lára igi, tí ohun kan tí ó dà bí odò ń gba àárín wọn kọjá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irin dúdú. Ohun tí ó dà bí odò yẹn ni épọ́ksì, ìyẹn oje oríṣi méjì tí a máa ń pò pọ̀, tí yóò sì gan di líle bí ike. Wọ́n bi mí bóyá mo lè ṣe é, mo sì dáhùn pé mo lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì fọwọ́ kan épọ́ksì rí láyé mi.

Mo ń kọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ káfíńtà tí mo ń rí káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ báyìí, tí wọ́n ń wo fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí wọ́n sì ti gba owó ìṣáájú lọ́wọ́ oníbàárà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Fídíò kì í fi ohun tí tábìlì yóò dà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà han ẹnikẹ́ni. Èmi ti rí oṣù mẹ́fà yẹn, ó sì ná mi ní owó, ó ná mi ní oorun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ná mi ní orúkọ tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá kọ́.

Tábìlì kékeré ti àárín pálọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Épọ́ksì tí mo rí rà ní Èkó jẹ́ irú èyí tí a fi ń bo ojú tábìlì lásán, tí a máa ń wọn oje kìn-ín-ní àti oje kejì ní ìwọ̀n kan náà. Ó wà lára ike rẹ̀ pé kí ohun tí a bá dà lẹ́ẹ̀kan má ṣe nípọn ju mílímítà 6 lọ. Mo kà á. Ohun tí mo rò ni pé ìkìlọ̀ fún àwọn tí ń gbé ní ìlú òtútù ni, pé ní ilẹ̀ tiwa níbi, níbi tí oòrùn wà, yóò kàn tètè gan ni. Kòtò tí mo fẹ́ kún jìn ní sẹ̀ǹtímítà 5, mo sì da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní aago méjì ọ̀sán, lábẹ́ páànù.

Kò pẹ́ tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo fọwọ́ kan àpótí tí mo dà á sí, mo sì yára fa ọwọ́ padà. Òórùn kan tí ó ń ta ènìyàn nímú gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, épọ́ksì tí ó mọ́ bí omi òjò di àwọ̀ oyin, ó hó, ó sì là láti orí dé ìdí. Ohun tí ó wá yé mi lẹ́yìn náà ni pé oje méjèèjì máa ń bí ooru bí wọ́n bá ti pàdé. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ooru náà á rí ọ̀nà jáde, ṣùgbọ́n bí ó bá nípọn, ooru á há sí inú rẹ̀, ooru yẹn á tún mú kí oje náà yára ṣiṣẹ́ sí i, tí ìyẹn náà á sì tún bí ooru mìíràn. Ẹni tí ó bá ti já ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n sínú ewé mọ̀ pé ìta rẹ̀ lè ti tutù kí àárín rẹ̀ sì jó ènìyàn lẹ́nu. Nítorí náà, ojú ọjọ́ tiwa kò dín ìkìlọ̀ náà kù, ńṣe ni ó fi kún un. Ìdájí ni mo ń da épọ́ksì báyìí, kí oòrùn tó mú, irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún kòtò jíjìn ni mo sì ń lò bí kòtò náà bá ju bíńtín lọ. Bí mo bá sì ti pò ó tán, n kì í fi í sílẹ̀ nínú korobá láti lọ dáhùn fóònù, nítorí pé inú korobá níbi tí ó ti kó jọ ni ó ti ń yára gbóná jù.

Ṣùgbọ́n igi tí ó jóná kọ́ ni ó dùn mí jù nínú ìdánwò àkọ́kọ́ yẹn. Ọmọṣẹ́ mi kan, tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ, ni ó bá mi po oje náà. N kò fún un ní ìbọ̀wọ́, èmi pàápàá kò wọ̀ ọ́. Nígbà tí ó ta sí i lọ́wọ́, tínà ni mo ní kí ó fi fọ̀ ọ́, bí a ti máa ń fi fọ ọ̀dà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú, ó ń yún un, awọ rẹ̀ ń bó. Dókítà tí a lọ rí sọ fún wa pé bí ara ènìyàn bá ti kọ oje yìí lẹ́ẹ̀kan, ó lè máà gbà á mọ́ títí ayé, àti pé tínà ń nu ọ̀rá ara kúrò lójú awọ, ó sì ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún oje náà láti wọlé ni. Ọmọ náà kò lè dúró nítòsí épọ́ksì mọ́ títí di òní. Iṣẹ́ igi lásán ni ó ń ṣe lọ́dọ̀ mi. Ìyá rẹ̀ kò bá mi jà, ó kàn sọ pé, “Ọ̀gá, ọwọ́ yín ni mo fi ọmọ mi sí.” Gbólóhùn yẹn kò kúrò létí mi.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí tó ra ike épọ́ksì kan, kí ó kọ́kọ́ ra ìbọ̀wọ́ náítírílì, ìyẹn oríṣi ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan, kí ó ra ìbòmú tí ó ní àgólò asẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí pé aṣọ tí a dì mọ́ imú kò dá èéfín oje dúró rárá. Bí oje bá ta sí ara, ọṣẹ àti omi ni kí a fi fọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun igi pàápàá ní ewu tirẹ̀. Ìyẹ̀fun ìrókò a máa mú ojú ta, a máa mú ara yún, ó sì máa ń mú kí èémí há mọ́ àwọn mìíràn láyà. Àwọn àgbà ní kí a má fi ìrókò ṣeré nítorí Olúwéré tí ń gbé inú rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀wọ̀ yẹn tọ́ sí igi náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é yálà nítorí ìgbàgbọ́ tàbí nítorí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ṣìnà.

Ní ọdún 2022, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, Àlàájà kan ránṣẹ́ pè mí sí ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó fẹ́ tábìlì ìjẹun olódò, ó sì fẹ́ kí ó délé kí Iléyá tó dé, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú rẹgbẹrẹgbẹ, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jọ́ orí kan náà, yóò wá jẹun nílé rẹ̀ bí wọ́n bá ti Ojúde Ọba, ayẹyẹ tí a fi ń kí ọba wa, dé. Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ni ó mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni a ń ṣe Ojúde Ọba, kò sì sí oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní ìlú yìí, bẹ̀rẹ̀ láti orí aránṣọ títí dé orí ẹni tí ń ṣe bàtà, tí kò mọ bí ọjọ́ náà ti ń lé ènìyàn bọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje ni Iléyá bọ́ sí lọ́dún náà. Ọ̀sẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ kò pé mẹ́wàá. Mo gbà á.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo lọ láti wá igi, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra gẹdú. Bàbá kan wà ní sọ́míìlì níbẹ̀ tí ó ti ń ta igi kí wọ́n tó bí mi. Ó mú mi lọ síbi tí ó to pákó ìrókò àtijọ́ sí, ó ní wọ́n ti lo ọdún méjì lábẹ́ òrùlé, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ̀, owó wọn sì ga. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ la ìrókò ńlá kan, pákó rẹ̀ fẹ̀ ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ, etí rẹ̀ dára bí etí odò gan-an, omi sì ṣì ń sun lára rẹ̀. Èyí tí ó tutù ni mo nawọ́ sí. Bàbá wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, igi yìí kò tíì mọ̀ pé òun ti kú. Íǹṣì kan, ọdún kan. Èyí tí o ń wò yẹn nípọn ní íǹṣì méjì.” Mo dá a lóhùn pé ẹ ṣeun, bàbá, pé n ó sá a sí oòrùn dáadáa. Ó gba owó rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

N kò lè sọ pé n kò gbọ́. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wò lójú inú mi ni ojú àwọn àlejò lọ́jọ́ Ojúde Ọba nígbà tí wọ́n bá rí pákó tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi sá pákó náà. Òjò ń rọ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́, nítorí náà mo ń gbé e jáde, mo ń gbé e wọlé. Ní ìparí rẹ̀, ojú igi náà gbẹ. Mo fọwọ́ pa á, kò tutù. Mo fi ìfági gbá a, èèpo rẹ̀ ń fò pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ẹnu ìfági náà ká nígbà kan nítorí òkúta funfun tí ó máa ń wà nínú ìrókò, mo pọ́n ọn, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ojú nìkan ni ó gbẹ. Inú igi náà kún fún omi bí ìrèké.

Mo to pákó méjèèjì sínú àpótí, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 40 sẹ̀ǹtímítà, mo fi 20 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ fún odò ní àárín wọn, gígùn rẹ̀ jẹ́ 240, jíjìn rẹ̀ jẹ́ 5. Bí a bá sọ 240 di ìlọ́po 20, tí a tún sọ ọ́ di ìlọ́po 5, yóò fún wa ní 24,000, èyí tí í ṣe lítà 24. Ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó dá iye owó fún oníbàárà, nítorí pé épọ́ksì ni ó ń jẹ owó jù nínú irú tábìlì bẹ́ẹ̀, òkè òkun ni ó sì ti ń wá. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn tí wọ́n ti dá iye owó láìrà á sílẹ̀ fi àpò ara wọn parí iṣẹ́ oníṣẹ́. Mo rí i báyìí pé odò tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí sẹ̀ǹtímítà 8, máa ń lẹ́wà ju adágún lọ, ó sì máa ń jẹ́ kí igi fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí mo lo épọ́ksì tí ó yẹ, mo wọn ìdá méjì mọ́ ìdá kan bí wọ́n ti kọ ọ́, mo sì dà á ní ìdájí. Kò jóná. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òru ọjọ́ kejì, kí ó tó gan, ìfófó ń gòkè ṣáá láti ẹ̀gbẹ́ igi, mo sì jókòó tì í pẹ̀lú iná gáàsì kékeré tí mo fi ń bẹ́ wọn. Nígbà tí ó gan tán, ìlà funfun kan wà létí odò náà bí omi ògì. Mo sọ fún ara mi pé ó lẹ́wà, pé ó dà bí ìfófó létí òkun. Igi ni ó ń sọ fún mi pé òun ṣì mu omi, n kò sì fẹ́ gbọ́. Épọ́ksì kì í di igi tútù mú dáadáa, ìfófó sì máa ń ti inú ihò kéékèèké ara igi jáde bí a kò bá kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kun etí igi náà fẹ́ẹ́rẹ́ kí a tó da èyí tí ó pọ̀. Àṣìṣe méjèèjì ni mo ṣe pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ajórin bá mi ṣe ẹsẹ̀ onípáìpù, pẹ̀lú irin ìdábùú mẹ́ta tí ó gba abẹ́ tábìlì kọjá láti etí kan dé etí kejì. Mo fi sikúrù de igi mọ́ irin náà gírígírí ní gbogbo ibi tí mo lè dè é sí. Mo rò pé bí mo bá ṣe dè é tó ni yóò ṣe lágbára tó.

Mo gbé tábìlì náà délé ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú Iléyá.

Ọyẹ́ dé ní ìparí ọdún. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Àlàájà pè mí. Kò kí mi, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣà rẹ̀. Ó ní, “Wá wo ohun tí igi rẹ ń ṣe nínú ilé mi.” Mo lọ. Pákó apá ọ̀tún ti là láti orí, ìlà náà ju mítà kan lọ, mo sì lè ki èékánná bọ̀ ọ́. Pákó apá òsì ti yọwọ́ lára odò ní ìsàlẹ̀, igun kan sì ti gbé sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ife omi kò lè jókòó pẹ́pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní òun ń sùn lóru ni òun gbọ́ ìró bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi ìdáná, òun sì rò pé olè ni.

Mo dọ̀bálẹ̀. N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ amúlétutù tí ó wà lókè tábìlì ni ó fà á, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ètè mi, ṣùgbọ́n mo gbé e mì, nítorí pé mo mọ̀ nínú ara mi pé bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó ti sọ fún mi. Àlàájà ní, “Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Mo ti fi iṣẹ́ rẹ yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ mi.” Mo ṣèlérí pé n ó dá owó rẹ̀ padà tàbí kí n ṣe òmíràn. Ó ní òmíràn ni òun fẹ́, ṣùgbọ́n òun kò ní san kọ́bọ̀ lé e. Oṣù kejì ọdún náà ni owó náírà di ohun tí a ń tò fún ní báǹkì láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Nínú ìnira yẹn ni mo ta ẹ̀rọ ìgé-igi mi kejì kí n tó rí owó tí n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo tú èyí tí ó bàjẹ́ palẹ̀ láti wo ohun tí ó pa á, ẹ̀kọ́ tí mo sì rí kọ́ nínú ìtúpalẹ̀ yẹn ju ti gbogbo ọdún tí mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Igi kì í sún kì ní gígùn rẹ̀, tàbí kí a sọ pé ó kéré débi pé ojú kò rí i. Ní ìbú ni ó ti ń sún kì nígbà tí omi bá ń kúrò lára rẹ̀, tí ó sì ń fẹ̀ padà nígbà tí òjò bá dé. Pákó ìrókò tí ó fẹ̀ ní 40 sẹ̀ǹtímítà lè pàdánù nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan láti ìgbà tí ó tutù títí di ìgbà tí ó bá gbẹ tó ti inú ilé. Irin kò ní bá a sún, épọ́ksì kò ní bá a sún. Igi fẹ́ kó ara rẹ̀ jọ, sikúrù mi di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kò sí ohun tí ó kù fún un ju kí ó ya lọ. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Àwọn onílù mọ̀ pé awọ a máa dẹ̀ nígbà òjò, wọ́n a máa yá a níná kí wọ́n tó lù ú. Ìyá mi mọ̀ pé ilẹ̀kùn yàrá wa kì í ṣe é tì nínú oṣù kẹsàn-án, pé nínú ọyẹ́, atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Èmi tí mo ń kan ilẹ̀kùn fún ènìyàn ni kò rò ó pé ohun kan náà ni tábìlì.

Mo tún rí i pé ibi tí irin ti kan ìrókò tààrà ti di dúdú bí ẹni da tàdáwà sí i. Irin tí kò ní ọ̀dà, ọ̀rinrin, àti ohun tí ó wà nínú igi náà ni wọ́n jọ ṣe é, fífi sáńpépà yún un kò sì mú un kúrò tán. Látìgbà náà, a kì í gbé irin sábẹ́ igi láìkun ún dáadáa kí a sì tẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín wọn.

Mo padà lọ bá bàbá onígẹdú, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú mi yí àwọn pákó rẹ̀ ká, ó fi hàn mí bí ó ti kun orí igi ní ọ̀dà, nítorí pé orí ni omi ti ń yára jáde jù, ibẹ̀ ni lílà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó ti fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìnípọn wọn dọ́gba sáàárín pákó kan àti èkejì kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Bí ó ti to wọn sí abẹ́ òjìji tí kò sì sá wọn sí oòrùn rárá. Oòrùn tí mo fi ń yangàn ni ó tètè gbẹ ojú igi mi tí ó sì sé omi mọ́ inú. Ó tún gbé pákó kan tí ó ní apá funfun lẹ́bàá èèpo, ó gbọ̀n ọ́n, ìyẹ̀fun tí ó kúnná bí èlùbọ́ sì dà sílẹ̀. Apá funfun yẹn ni kòkòrò fẹ́ràn, nítorí pé oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Apá tí ó dúdú ní àárín igi kò dùn mọ́ ọn. Etí gbágungbàgun tí oníbàárà ń fẹ́ sì nìyí, apá funfun ni! Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi etí igi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bó èèpo rẹ̀ kúrò pátápátá, kí ó sì fi omi bórásì, iyọ̀ kan tí ń lé kòkòrò igi, kun ún kí ó gbẹ kí épọ́ksì tó kàn án.

Pákó ọlọ́dún méjì tí mo kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́ ni mo rà. Ṣùgbọ́n n kò fi ojú lásán gbà á. Mo gé èyí tí ó kéré láti àárín pákó náà, kì í ṣe láti orí, mo wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, mo sì gbé e sínú ààrò gáàsì tí ooru rẹ̀ ju ti omi híhó lọ díẹ̀. Mo ń yọ ọ́ wọ̀n láti wákàtí dé wákàtí títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi dín mọ́. Èyí tí mo gé lára tábìlì tí ó bàjẹ́, tí mo ti dì sínú ọ̀rá láti ìgbà iṣẹ́ láìmọ̀ pé yóò wúlò, jẹ́ gíráàmù 620 nígbà tí ó tutù, ó sì di 500 nígbà tí ó gbẹ tán: 120 tí ó lọ jẹ́ omi, èyí tí í ṣe 24 nínú 100 ìwọ̀n igi gbígbẹ. Ti pákó ọlọ́dún méjì jẹ́ 13. Nígbà tí mo rí nọ́ńbà méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ìwé, ojú ara mi tì mí. Mo ti ra ẹ̀rọ tí ń wọn omi inú igi, tí ó ní abẹ́rẹ́ méjì, lẹ́yìn náà, ó sì yára, ṣùgbọ́n ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ dé nìkan ni ó mọ̀. Ẹ gé igi náà kí ẹ gún un ní inú, kí ó má ṣe tàn yín bí ojú igi ti tàn mí.

Nígbà tí mo ṣe tábìlì kejì, mo bẹ ajórin kí ó má ṣe dá ihò róbótó sí irin ìdábùú. Ihò gígùn ni a dá, bí ojú bọ́tìnì, tí ó lọ sí ìbú tábìlì, tí bóòtì lè rìn nínú rẹ̀. Àárín nìkan, níbi tí épọ́ksì wà tí kò ní sún, ni a dè mọ́ ojú kan. Gbogbo èyí tí ó wà lára pákó ni a fi wáṣà gbòòrò sí, tí a dè wọ́n tó láti di igi mú kí ó má gbé sókè, tí a kò sì dè wọ́n tó láti dá a dúró. Ó ṣòro fún ajórin láti gbà. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ fẹ́ kí tábìlì máa mì ni?” Mo mú un dé ibi tí pákó tí ó ya wà, mo fi hàn án, ó sì lọ mú ẹ̀rọ rẹ̀.

Tábìlì náà délé ṣáájú Iléyá ọdún 2023. Nǹkan kan ṣì kù tí n kò sọ fún Àlàájà, n kò sì gbọdọ̀ fi í pamọ́ fún ẹ̀yin tí ń kà èyí. Lọ́jọ́ àlejò, wọ́n gbé ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná lé orí odò náà gan-an. Ìdí ìkòkò tẹ̀ ẹ́, ó sì yí po bí òrùka. Épọ́ksì kì í padà yọ́ bí ó bá ti gan, ṣùgbọ́n ó máa ń rọ̀ lábẹ́ ooru, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe fún kòtò jíjìn kì í sì dúró de ooru tó ti omi híhó rárá. Mo fi ọjọ́ méjì yún ojú rẹ̀ tí mo sì dán an padà, n kò gba owó, nítorí pé ẹnu mi ni ó yẹ kí ó ti jáde. Báyìí, a máa ń fi àjákù igi kan náà gbẹ́ ìgbékòkò mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún oníbàárà, mo sì máa ń sọ fún un lójúkojú pé kí ó má ṣe gbé tábìlì náà sí ibi tí oòrùn ti ń gba fèrèsé wọlé, kí odò rẹ̀ má baà pọ́n.

Ní ti gíláàsì tí oníbàárà mìíràn máa ń fẹ́ lára tábìlì, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Gíláàsì tí wọ́n ti fi iná mú le kò ṣe é gé, kò sì ṣe é lu ihò sí mọ́, ńṣe ni yóò fọ́ wẹ́wẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ parí igi àti irin tán kí ẹ tó wọn ìwọ̀n tí ẹ ó gbé lọ fún onígíláàsì. Mílímítà 8 ni mo fi ṣìṣe, gíláàsì náà sì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi títí di òní.

Igi tí mo ń lò jù báyìí kì í ṣe ìrókò mọ́, nítorí pé ó wọ́n, ó sì ń tán lọ nínú igbó. Mẹ̀láínà ni mo ń lò, èyí tí ìjọba gbìn lọ súà sínú igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Ọmọ, ní agbègbè J4, nígbà tí wọ́n ń retí pé ilé iṣẹ́ ìwé tí ó wà ní Ìwópin yóò máa fi ṣe pépà. Àwọn káfíńtà kan ń fojú kéré rẹ̀ pé igi pákó ìkọ́lé ni, àwọ̀ rẹ̀ sì funfun bí ẹni pé ìyá igi kò bí i dáadáa. Mo fẹ́ kí wọ́n tún un wò. Ó máa ń pẹ́ kí ó tó gbẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ ká kò, kì í fi bẹ́ẹ̀ sún, àwọ̀ rẹ̀ tí ó mọ́ yẹn sì máa ń jẹ́ kí odò dúdú hàn kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní mẹ́rìndínlógún rẹ̀ lórí àtẹ báyìí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fi ọ̀dà kun orí wọn, mo sì fi ẹfun kọ oṣù tí mo to ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ara rẹ̀. Oníbàárà tí ó bá ń kánjú lè rí ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ kí a tó jọ sọ̀rọ̀ owó.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú, mo máa ń lọ sí ilé Àlàájà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì náà, òun náà á sì dúró tì mí, á máa béèrè pé, “Ṣé kò ní ariwo?” Lẹ́yìn ọyẹ́ àkọ́kọ́ tí ó là kọjá, mo fi rúlà wọn ibi tí bóòtì wà nínú ihò gígùn ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó ti rìn mílímítà 2 kúrò níbi tí mo fi pẹ́ńsù sàmì sí nígbà òjò, pákó náà kò sì là.